Àwòṣe 3D cable car San Francisco: òkè rẹ̀ rẹwà, abẹ́ rẹ̀ ṣófo

Fáìlì àwòṣe orí kọ̀ǹpútà ni mo rà, ti cable car, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò gun òkè ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ara ọkọ̀ yìí kò ní àbùkù. Ẹni tó ṣe àga onígi rẹ̀, ọ̀pá tí èrò ń dì mú níta, àti agogo orí òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ọkọ̀ ọ̀nà Powell-Hyde, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí cable car ń gbà, ni àwọn tó tà á ní àwọn ń tà, mo sì rà á fún fídíò tí mo ń ṣe fáwọn ọmọ iléèwé.

Inú mi ń dùn lọ títí mo fi gbé kámẹ́rà lọ sábẹ́ ọkọ̀. Òfìfo! Pákó pẹlẹbẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin, ó parí. Ẹ gbọ́ o, cable car kò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn irin tó ń sáré lábẹ́ títì láìdúró, máìlì 9.5 ní wákàtí kan, ló ń wọ́ ọ. Irin kan tí wọ́n ń pè ní grip ló ń gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ àárín títì wọlé lọ gbá okùn náà mú. Tí awakọ̀ bá tú u sílẹ̀, tó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Andrew Hallidie ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Clay Street lọ́dún 1873. Cable car tí kò ní grip, dáńfó tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà ni.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Ẹni tó dáhùn ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe? Mo ya abẹ́ ọkọ̀ ránṣẹ́, mo fi àmì pupa yí ibi tó ṣófo ká. Ó ní ibi tí èèyàn kì í wò nìyẹn. Ọ̀gá mi, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ! Mo tún kọ ọ́. Ló bá fi iye owó ránṣẹ́, pé abẹ́ ọkọ̀ kò sí nínú ohun tí mo san. Ìbínú ò jẹ́ kí n sùn.

Obìnrin kan láàárín wọn ló wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ọkọ̀ ọ̀nà Powell ni mo ń ṣe àbí ti ọ̀nà California. Ara mi wálẹ̀. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ California ní grip níwájú àti lẹ́yìn, àmọ́ pé ti Powell gbọ́dọ̀ gun orí àwo ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ tì yí po, kó tó lè padà.

Ó fi fáìlì mìíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Áà, ẹ wo iṣẹ́! Grip ń ṣí, ó ń pa dé. Bíréèkì onígi tó ń tẹ ojú irin wà níbẹ̀, pẹ̀lú ojú igi tó ti jẹ díẹ̀, nítorí pé ọjọ́ mélòó kan péré ni igi yẹn ń lò lójú pópó kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bíréèkì pàjáwìrì tó ń há sínú ihò àárín títì náà wà. Mo ń gbé ọkọ̀ náà gun òkè, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta àwo ìyípo o. Fáìlì náà tún wúwo, kọ̀ǹpútà kékeré ò ní lè gbé e. Èyí tó ṣófo ló ṣì wà lórí àtẹ wọn títí di òní.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ rà á, kí ẹ sì sọ fún wọn pé fáìlì tó ní grip ni ẹ fẹ́.