Kíìtì tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sọ bí ara ṣe gbó tó: mo ti lò ó, bó ṣe rí rèé

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Ílùú Ọba tẹ́ ẹ̀ ń rí ìpolówó kíìtì tí wọ́n ní á sọ bí ara yín ṣe gbó tó, mo ra ọ̀kan o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Lílò ẹ̀ ò le rárá. Èèyàn á gún ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà, tó bá gbẹ á fi ránṣẹ́ padà ní pósì. Èsì dé sórí áàpù, ó ní ara mi ti gbó ju ọjọ́ orí mi lọ, wọ́n wá to ewu àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn sábẹ́ ẹ̀. Àyà mi já. Mi ò mu sìgá, mi ò mu ọtí, BP mi dáa, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi dáa, dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ mí wò ni, ni mo bá lọ wádìí ohun tí wọ́n ń kà gan-an.

Methylation ni. Kì í ṣe DNA fúnra ẹ̀ o, nǹkan tíntìntín kan ni tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA láwọn ojú ibì kan, tí ọjọ́ orí, sìgá àti àìsàn sì máa ń yí i padà. Lọ́dún 2013 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Steve Horvath, fi ojú ibi 353 péré lórí DNA mọ ọjọ́ orí èèyàn, ìyẹn kì í ṣe irọ́ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìṣirò míì bẹ́ẹ̀ dé, PhenoAge ní 2018, GrimAge ní 2019, DunedinPACE ní 2022, àwọn yìí kì í wá ọjọ́ orí nìkan mọ́, bí ara ṣe ń gbó àti ewu àìsàn ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìṣirò yìí? Àwọn ará ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà ni ti GrimAge. Ti DunedinPACE wá látara àwọn 1,037 ọmọ tí wọ́n bí ní Dunedin, ní New Zealand, láàárín 1972 sí 1973, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀jẹ̀ tiwa wà nílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá n'Ìbàdàn fún HapMap, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé kan lórí ìyàtọ̀ inú DNA èèyàn, àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti fi sẹ́ẹ̀lì wọn wo methylation, wọ́n rí i pé DNA tí èèyàn jogún wà lára ohun tó ń darí ẹ̀. Àmọ́ wọn ò kọ ọ̀rọ̀ ìlera àwọn èèyàn yẹn mọ́ ọn, a ò mọ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a ò mọ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ àìsàn?

Ẹ tún wo neutrophil, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń kéré lára ọ̀pọ̀ nínú wa nítorí jíìnì Duffy tá a jogún, kò sì sí nǹkan tó ṣe wá (ẹlòmíì ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà rí pé "ẹ̀jẹ̀ ẹ kéré"). Methylation sẹ́ẹ̀lì kan ò jọ ti òmíì, tí wọn ò bá yọ ìyàtọ̀ yẹn kúrò nínú ìṣirò, wọ́n lè ṣi ẹ̀jẹ̀ wa kà. Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta kíìtì náà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n yọ ọ́, wọ́n kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n tún fi ìpolówó ránṣẹ́, ìbéèrè mi ò ní ìdáhùn títí dòní.

Ibi tí mo ti yìn wọ́n ni sìgá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń mu ún tipẹ́ ṣe tiẹ̀, kíìtì náà rí àmì sìgá lára ẹ̀ gan-an, ó sì ní kò sí lára tèmi. Kò yà mí lẹ́nu, torí àmì sìgá lórí jíìnì AHRR hàn lára òyìnbó, ó hàn lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dá oògùn kankan dúró o, ẹ má sì tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíì. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tí wọ́n fi dán an wò, tí wọn ò bá dáhùn, owó yẹn á ra ẹ̀rọ BP tó dáa, á sì tún ṣẹ́kù.