Ṣaworoidẹ: Fíìmù Ìlú Tí Ọba Ń Bẹ̀rù Ìlù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn aláṣẹ fi máa ń sáré di ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì mú, kí ó wá Ṣaworoidẹ wò, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Ní ìlú Jogbo, ọba tí kò bá gba gbẹ́rẹ́, tí kò sì bá ìlú mulẹ̀, kò gbọdọ̀ dé adé idẹ, nítorí bí wọ́n bá lu ìlù tí wọ́n ń pè ní ṣaworoidẹ sí i, orí fífọ́ ni yóò pa á. Ọba Lápìtẹ́ kọ̀, ó sì gorí ìtẹ́ bẹ́ẹ̀, ni òun àti àwọn ìjòyè bá ń bá àwọn agégẹdú pín owó igbó.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìlù kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí ọba yìí sùn. Ó ń wá Àyángalú onílù kiri, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ohùn ìlú bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tú àṣírí òun. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí àwa ará Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó fìdí kalẹ̀ síbí ló fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, ó sì di 1966 tí àwọn ológun gbàjọba kí òfin náà tó kúrò. Adébáyọ̀ Fálétí fúnra rẹ̀, tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábá nínú fíìmù yìí, ti ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n WNTV ní ìlú wa yìí. Ẹ wò ó bó ṣe ń fi òwe gún àwọn ìjòyè lára: kò pariwo, kò kánjú, síbẹ̀ kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà kò bá nínú wọn.

Àbùkù kan wà tó dùn mí. Àyángalú kò ṣeé fowó rà, bẹ́ẹ̀ ìjọba ayé òde òní kì í fi ìbọn nìkan pa akọ̀ròyìn lẹ́nu mọ́. Owó inú àpòòwé wà, ìpolówó ọjà tí wọ́n ń fún ìwé ìròyìn tó bá gbọ́ràn, tí wọ́n sì ń fi du èyí tó bá ta kò wọ́n, náà wà. Ìbá ti dára tó bí fíìmù náà bá fi onílù kan tó gbowó hàn wá!

Àwòrán rẹ̀ ti gbó díẹ̀, ohùn ẹ̀dà tí mo rà ní Dùgbẹ̀ sì ń já níbi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ ilé jókòó tì í, kí àgbàlagbà tó gbọ́ èdè ìlù sì wà níbẹ̀. Agogo Èèwọ̀, tó jáde ní 2002, ló tẹ̀ lé e.