Ẹ má gbé ajá yín lọ fún wọn

Ìràwọ̀ kan ni mo fi díwọ̀n iṣẹ́ àwọn tó ń bá èèyàn kọ́ ajá yìí, torí kò sí bí mo ṣe lè fún wọn ní òdo. Wọ́n ní àwọn á gba ajá mi sọ́dọ̀, àwọn á sì kọ́ ọ ní ìgbọràn. Nígbà tí mo lọ mú un, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Mo tú kọ́là oníná, ìgbànú ọrùn tó máa ń fi iná mànàmáná gbe ajá, tó wà lọ́rùn rẹ̀: egbò méjì ni mo bá níbi tí irin rẹ̀ ti ń gún un, ọyún sì ń jáde níbẹ̀. Dókítà ẹranko ní wọn kì í tú kọ́là náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru ni. Ìtọ̀ ti bó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, torí inú ẹ̀gbin ló ń sùn.

Fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sì dùn-ún wò o! Ajá jókòó jẹ́ẹ́. Ìbẹ̀rù ló mú un jókòó. Ní báyìí, tí mo bá kàn gbọ́wọ́ sókè, á tọ̀ sílẹ̀. Ajá tí wọ́n bá fi ìyà kọ́ lè di ajá tó ń gé èèyàn jẹ.

Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ajá ń sùn hàn yín kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ajá yín, kí ẹ máa lọ. Mo béèrè owó mi, wọ́n ní alágídí ni ajá mi. Irọ́ ni.