KVM tàbí LXC lórí Proxmox: èwo ni kí a gbé sáfà lé?

Proxmox jẹ́ ètò tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀ sáfà; KVM àti LXC ni ọ̀nà méjì tó ń gbà ṣe é. KVM, tó wọ inú kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) ní 2007, dà bí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọgbà kan: sáfà kọ̀ọ̀kan ní kernel tirẹ̀, Windows pàápàá lè gbé ibẹ̀. LXC jẹ́ yàrá nínú ilé kan náà. Kernel kan ni gbogbo wọn jọ ń lò, Linux nìkan ló sì gbà.

Níbi ìmójútó ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Bí sáfà LXC bá ń jẹ CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) ní àjẹjù, tẹ `top`, àṣẹ tó ń fi àwọn iṣẹ́ tó ń lọ hàn, lórí ẹ̀rọ tó gbà wọ́n sílé, wàá rí iṣẹ́ tó ń fà á gan-an. Ní ti KVM, QEMU kan péré, ìyẹn ètò tó gbé sáfà náà ró, lo máa rí. Àfi kí o wọ inú sáfà náà kí o tó mọ ohun tó ń ṣe é.

LXC fúyẹ́, ó sì ń yára tan. Síbẹ̀, KVM ni mo máa ń fún oníbàárà tí n kò mọ̀ rí: bí kernel tirẹ̀ bá dàrú, ti àwọn yòókù kò ní mì. Ó tún ṣeé kó lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn láìpa á; LXC gbọ́dọ̀ kú ná, kó tó tún tan níbẹ̀.