Ewé pákí àti énsáìmù nínú fíìdì bróílà: ohun tójú mi rí

Owó sóyà ló lé mi débẹ̀, kẹ́ ẹ má rò pé mo kàwé jù. Ní Ìwó níbí, ọjọ́ tá a bá ń wu pákí, ilẹ̀ la máa ń da ewé ẹ̀ sí tó máa jẹrà, mo wá ní kí ló dé tí mi ò fi lè lọ̀ ọ́ fún adìyẹ. Ẹni tó ń bá wa lọ fíìdì ló ní kí n fi énsáìmù, èròjà tó ń bá adìyẹ da oúnjẹ, sí i, pé bróílà, adìyẹ tá à ń sìn fún ẹran, ò ní ikùn ewúrẹ́, fáíbà, ìyẹn okùn-okùn inú ewé, ò ní dà dáadáa lára wọn. Òótọ́ ló sọ.

Àmọ́ ewé yẹn gan-an ni wàhálà. Ewé pákí tútù ní oró tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú, òun ló pa ewúrẹ́ ìyá mi kan tí kì í gbọ́ràn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ kó rọ, kẹ́ ẹ tó wá sá a sóòrùn títí táá fi máa rún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ sá, òjò pa á lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo tún un sá, mo rò pé ó ti gbẹ, mo rọ ọ́ sápò, ìgbà tí mo máa tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti bu, funfun ti bò ó, ààtàn ló gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé énsáìmù á tún un ṣe, irọ́ ni o. Kì í yọ oró, kì í wo ewé tó bu. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó bá adìyẹ tú fáíbà, kó sì tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú eegun le, tó há sínú àgbàdo àti sóyà sílẹ̀.

Gíráàmù 500 fún tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n kọ sára énsáìmù tèmi. Èmi tí mò ń po 25 kílò, gíráàmù 12 ààbọ̀ péré nìyẹn, síkéèlì ilé wa ò tiẹ̀ mì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe góòlù ni mo gbé e lọ, ọ̀gá yẹn wọ̀n ọ́n tán ó ń bi mí bóyá oògùn owó ni. Ẹ má kàn dà á lé fíìdì lórí, ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ bíi kílò àgbàdo lílọ̀ kan, kẹ́ ẹ wá fi ṣọ́bìrì yí ìyẹn mọ́ ìyókù.

Bróílà 60 ni mo pín sọ́nà mẹ́ta láti ọ̀sẹ̀ kẹrin dé keje. Àwọn tí ò jẹwé rárá tó bíi kílò 2.3, àwọn tó jẹwé nìkan ò ju 2.1 lọ, àwọn tó jẹwé pẹ̀lú énsáìmù sún mọ́ 2.25, ilẹ̀ wọn sì gbẹ ju tàwọn tó jẹwé nìkan lọ. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lewé yẹn, ìyẹn kílò kan àti gíráàmù 250 nínú àpò kílò 25. Ojúkòkòrò ní kí n gbé e dé mẹ́wàá nígbà kejì, wọ́n jẹ ẹ́ lóòótọ́ àmọ́ ara ò wá. Ẹni tó bá sì yọ sóyà kílò kan tó fewé kílò kan dípò ẹ̀ ń tan ara ẹ̀ ni, púrótéènì wọn ò dọ́gba.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́kọ́ ra énsáìmù ò wù mí. Inú ike tó ti ṣí sílẹ̀ ló ti bù ú sínú ọ̀rá fún mi, kò sí déètì, kò sórúkọ, nínú ooru yẹn! Énsáìmù kì í fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin. Èyí tí wọ́n dì pa ni mo wá ń rà.

Énsáìmù, mo fún un ní 4 nínú 5. Ewé, 3, torí iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀. Day-old, òròmọdìyẹ ọjọ́ kan, ò sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò nílé mi.

Àmọ́ ìyá tó máa ń ra adìyẹ ọdún lọ́wọ́ mi rí ẹsẹ̀ àwọn tó jẹwé, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, ó ní irú wọn nìkan lòun fẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ewé ń bẹ lórí tapólì níta, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú.