Ohun tójú fúláwà mi rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù

Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ficus mi, ìyẹn igi kan tí mo gbìn sínú ìkòkò, tún já ewé sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, inú bí mi, mo ní kí n kúkú kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ 3 rèé tí a ti kó dé ilé tuntun. Àwọn tó ń báàyàn kó ẹrù la pè, wọ́n ní àwọn máa ń gbé fúláwà inú ìkòkò náà, pé owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fúláwà 14 ni mo ní, mo sì san owó ẹ̀. Ká sòótọ́, ti ẹrù ilé, mi ò bá wọn jà, fíríìjì o, bẹ́ẹ̀dì o, kò sí èyí tó họ. Fúláwà ni wàhálà wà.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nínú wọn, bó ṣe rí ficus mi tó ga tó mi léjìká báyìí, ó kàn gbá a lọ́rùn mú bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ. Mo pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbé o!" Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa nìyí." Iṣẹ́ wọn kẹ̀! Iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò ló wúwo, tẹ́ ẹ bá di igi ẹ̀ mú gbé e, gbòǹgbò á máa já nísàlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tó bá ń rọ.

Èmi náà ti ṣe tèmi sílẹ̀ o. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ 3 ká kó ni mo ti ṣí èyí tó wà nínú ìkòkò amọ̀ lọ sínú ti rọ́bà, mo fi ọ̀rá bo ojú iyẹ̀pẹ̀, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìkòkò, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó ni mo fi wé ewé àwọn tó tóbi, mi ò sì wé e le. Omi, ọjọ́ 2 ṣáájú ni mo ti bù ú, kí iyẹ̀pẹ̀ lè tutù díẹ̀ láìrin gbindin. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe lọ da omi sí mẹ́ta tí mo ti kó sí páálí, ó ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n! Wọ́n gbé páálí dé ẹnu ọ̀nà, ìdí ẹ̀ já, gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀.

Aloe vera ńlá kan ni ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n ṣí kúrò nínú ìkòkò amọ̀, òun náà ló fọ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ìhòòhò ni mo bá gbòǹgbò ẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gé ibi tó ti ya kúrò, mo gbé e síbi tí òòrùn ò ti pa á fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ ẹ̀ gbẹ, kí n tó gbìn ín, mi ò sì tètè bomi rin ín kó má bàa jẹrà. Ó ti gbéra báyìí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n páàkì ọkọ̀ sínú òòrùn, wọ́n tì í pa, wọ́n lọ jẹun. Ọkọ̀ tí ò ní wíńdò! Nígbà tí wọ́n ṣí i, ooru tó jáde gbá mi lójú, fúláwà peace lily mi ti dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Mo fún un lómi, nígbà tó fi di alẹ́ ó ti nàró. Àwọn kéékèèké tí mo kó sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó mọ́tò tèmi ńkọ́? Ewé kan ò já.

Mo pè wọ́n pé báwo la ṣe máa ṣe é, wọ́n ní kí n ka bébà tí mo sáìnì. Lóòótọ́, ó wà nísàlẹ̀, lẹ́tà tíńtín, pé àwọn ò ní san owó ohun abẹ̀mí tó bá bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ti ẹrù ilé, mo lè tún pè wọ́n, ṣùgbọ́n fúláwà, màá gbé e fúnra mi, kódà tí mo bá máa lọ tí màá bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ficus yẹn, mi ò lè di gbogbo ẹ̀ rù wọ́n, ó máa ń já ewé tí ibi tó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ bá yí padà. Mo ti gbé e sẹ́bàá wíńdò, mi ò sì ṣí i kiri mọ́. Mo fi èékánná họ èèpo ẹ̀ wò láàárọ̀, ó ṣì tutù, ó ṣì ní àwọ̀ ewé nínú.