Kíláàsì Kabbalah tí mò ń ṣe lórí fóònù, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti wà ní kíláàsì Kabbalah kan orí íntánẹ́ẹ̀tì níbí ní Kabba, fídíò la máa ń wò láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di alẹ́ Sunday a ó pàdé lórí Zoom, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ ká tó wọlé. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn o, mi ò sì kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì mi.

Ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ àwọn Júù nípa Ọlọ́run ni Kabbalah, inú ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí kéèyàn gba nǹkan ni orúkọ ẹ̀ ti jáde. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo rò pé wọ́n á ní ká fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ ká máa gbààwẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ Yehuda Ashlag ni kíláàsì wa ti ń mú ẹ̀kọ́ ẹ̀, rábì tí wọ́n bí ní Warsaw tó kú ní 1954, òun ló kọ àlàyé tí wọ́n ń pè ní Sulam, ìyẹn àkàbà, sórí Zohar, ìwé tó ṣe pàtàkì jù nínú Kabbalah. Ohun tó ń sọ ni pé ìfẹ́ láti gbà ni Ọlọ́run fi dá wa, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò lára, ohun tó ṣeé yí padà ni ìdí téèyàn fi ń gbà.

Wọ́n fi ìtàn àlejò ṣàlàyé ẹ̀. Àlejò dé, onílé gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, ebi ń pa á àmọ́ ojú ń tì í, oúnjẹ ìtìjú ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Onílé bẹ̀ ẹ́ títí, ìgbà tó wá yé e pé inú onílé máa bàjẹ́ bí òun ò bá jẹ ẹ́ ló tó fọwọ́ kàn án, torí onílé ló sì ṣe jẹ ẹ́. Oúnjẹ kan náà, ẹnu kan náà, àmọ́ gbígbà yẹn ti di fífúnni. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ilé àna mi ní Iyara ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti yó kí n tó débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá ìyàwó mi gbé iyán àti ẹ̀gúsí wá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Òkèlè kẹta ni mo bù tí wọ́n tó mí kanlẹ̀, wọ́n wá tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé. Mi ò jẹ iyán yẹn torí ebi.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti dùn mí jù ni oko káṣú tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi. Lọ́kọ́ja ló ń gbé, èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n tí mò ń tà á, lọ́dún kan àpò 14 la kó, mo sọ fún un pé 11 ni. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ṣebí èmi ni mò ń roko. Ní alẹ́ kan tí kíláàsì dá lórí bí ìmọtara-ẹni-nìkan ṣe máa ń wọṣọ òótọ́, mi ò lè sùn, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ọjà sí, mo sì pè é láàárọ̀. Mo ní àbúrò mi, àpò 14 ni o. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀.” Mo fowó ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ àwọn ibì kan wà tó kù díẹ̀ káàtó. Dátà tó ń jẹ pọ̀, gíìgì mẹ́ta kì í tó mi lọ́sẹ̀. Wọ́n ń sọ fún wa pé Rábì Shimon bar Yochai, rábì ayé àtijọ́, ló kọ Zohar bíi pé kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Gershom Scholem ti sọ pé Júù kan tó ń jẹ́ Moses de León ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ní Spain, lápá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Mo béèrè, wọ́n fò ó. Èyí dùn mí, torí ẹ̀kọ́ náà ò ní wó bí wọ́n bá sọ méjèèjì. Ẹ̀kọ́ Isaac Luria, rábì Kabbalah tó kú ní Safed ní 1572, àti sefirot mẹ́wàá, ìyẹn ọ̀nà mẹ́wàá tí wọ́n ní Ọlọ́run ń gbà fi ara ẹ̀ hàn, wọ́n sáré kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ iléèwé ni. Ní oṣù karùn-ún wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá owó tó ń wọlé, wọn ò fipá mú wa, àmọ́ mi ò san án, kò sì sẹ́ni tó lé mi.

Ẹni tó bá ń wá okùn pupa tàbí omi ìbùkún tí àwọn kan ń tà lórúkọ Kabbalah, kì í ṣe ibí ni o. Àmọ́ bó bá ń wù yín kẹ́ ẹ mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, ẹ gbìyànjú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo kọ gbogbo ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ sínú ìwé, mo sì fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní Kabba níbí lè wá yá a kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó dátà.